Láàbù fótò kan ní Sábó, Ifẹ̀: iṣẹ́ wọn dára fún kíláàsì àròkọ, àmọ́ ẹ ṣọ́ etí fótò yín

Láàbù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní apá Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀. Fótò ìgbéyàwó àti ti ìnáwó òkú ni wọ́n ń tẹ̀ jù. Iṣẹ́ olùkọ́, ìyẹn fótò tí àwọn ọmọ máa wò kọ àròkọ ní kíláàsì, kò tíì mọ́ wọn lára. Síbẹ̀, àwọ̀ wọn mọ́. Bí aṣọ ẹtù bá wà nínú fótò, ẹ ó rí ìlà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú rẹ̀ kọjá, bí ara ẹyẹ tí wọ́n fi sọ aṣọ náà lórúkọ. Èyí tí sẹ́ńtà kọ̀ǹpútà bá tẹ̀ sórí bébà lásán, dúdú ni gbogbo rẹ̀ máa ń dà. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ “ó wọ aṣọ dúdú,” kò sì ní jẹ̀bi.

Etí fótò ni wàhálà wà. Bébà tó tó kíláàsì lò ni èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10. Èyí tó bá kéré sí i, ọmọ márùn-ún kò lè pé lé e lórí. Àmọ́ fótò fóònù sábà máa ń jẹ́ 4:3, ìyẹn ni pé bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ 4, ìbú rẹ̀ á jẹ́ 3, kò sì bá bébà yìí dọ́gba, nítorí náà ẹ̀rọ á gé nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 kúrò ní gígùn rẹ̀. Ìyẹn ṣì ṣeé fara mọ́. Ẹni tó bá ya tirẹ̀ ní 16:9, kó kún ojú fóònù, ìdá 30 nínú 100 ló máa bá ẹ̀rọ lọ. Ẹni tó ń tẹ fótò ìyàwó kò ní ka ìyẹn sí, torí pé àárín ni ìyàwó dúró sí. Fótò ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ìyá onígàárì wà láàárín, gbogbo ọmọ ló máa rí i. Ní igun apá òsì ni kóńgò kan dojú dé sí, tí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Ọmọ tó bá rí kóńgò yẹn ló máa béèrè ìdí tí wọ́n fi lù ú wọnú, ẹ̀yìn ìbéèrè yẹn sì ni àròkọ gidi wà. Bí ẹ̀rọ bá gé igun náà, ó ku ìyá àti gàárì.

Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ bọ́dà funfun, kí wọ́n má gé ohunkóhun. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà fún wọn, torí pé ẹni tó ń gba iṣẹ́ níwájú kọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ẹ má fi fótò ránṣẹ́ bí àwòrán lásán lórí WhatsApp, ó máa ń fún un kéré. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kí ẹ gbé fláàṣì lọ. Kí bébà yìí tó lè mọ́ dáadáa, píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fótò) 2400 ní ìbú àti 3000 ní gígùn ló ń fẹ́, fóònù oní-megapixel 12 sì ju ìyẹn lọ.

Wọ́n á fẹ́ bá yín lámínéètì rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n fi ọ̀rá tó ń dán bò ó. A kò gbà á nímọ̀ràn. Nínú kíláàsì tí fèrèsé wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò ní rí ju ìmọ́lẹ̀ tó ń ta yọ lójú rẹ̀. Ẹ gba bébà tí kì í dán, kí ẹ lẹ páálí mọ́ ọn lẹ́yìn.

Fún ọmọ 40, fótò oríṣi méjì tó, ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin: ọmọ márùn-ún sí ẹyọ kan. Ẹ má fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà tí ẹgbẹ́ mẹ́rin bá wo ohun kan náà, tí ohun tí wọ́n kọ kò sì dọ́gba, ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú 40 ìṣẹ́jú, ẹ fi 5 wò ó láìkọ nǹkan. Ẹ fi 10 kọ kìkì ohun tí ìka lè tọ́ka sí: “ó ń bínú” kò ṣeé tọ́ka sí, “ó fún ètè pọ̀, ó fọwọ́ lérán” ṣeé tọ́ka sí. Ẹ fi 15 kọ ìpínrọ̀ kan péré, kí 10 tó kù jẹ́ ti kíkà sétí ara wọn.

Irú fótò tí ẹ gbé lọ náà ṣe pàtàkì. Fótò tó máa ń já olùkọ́ kulẹ̀ jù ní Ifẹ̀ ni ti Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn látòkèdélẹ̀. Òkúta gíga bí ẹsẹ̀ bàtà 18 wà níwájú wọn, ìtàn tí wọ́n ti gbọ́ nílé ni wọ́n á kọ, ojú wọn kò ní í tún padà sórí fótò. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ ya ìṣó irin tó wà lára rẹ̀ nìkan, kí ẹ wá ní kí wọ́n ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe tò ó. Bákan náà ni ti orí idẹ Ifẹ̀, àwọn tí wọ́n wú jáde ní agboolé Wúnmọníje lọ́dún 1938: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lójú àwọn kan, kò sí lójú àwọn mìíràn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ìlà yẹn jẹ́, nítorí náà kí ọmọ kọ́kọ́ kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí kó tó pè é ní ilà. Bí ẹ bá fẹ́ ya tiyín ní mùsíọ́mù tó wà lẹ́bàá Ààfin ní Ẹnuwá, ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó yọ fóònù. Ní ọjà, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ya àtẹ yín” máa ń yá ju kéèyàn kàn ya ojú wọn lọ, ọwọ́ àti àtẹ sì sàn fún àròkọ ju ojú lọ.

Ẹ má gbé iṣẹ́ lọ sí láàbù yìí lọ́jọ́ Ajé, fótò àríyá òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń kún ilẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú sàn. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan. Wọ́n á ní kò pọn dandan, ẹ ṣáà sanwó rẹ̀. Ẹ gbé fóònù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kóńgò bá ti wà níbẹ̀, kí wọ́n máa tẹ méje tó kù.