Àpò asẹ́ háàṣì tí mo rà: asẹ́ ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí igbó ṣe le tó

Ìlọrin ni mo wà báyìí, mo wálé wá kí àwọn ará ilé, àwọn ọmọ wa ní Tankẹ ò sì jẹ́ n sinmi lórí àpò asẹ́ tí mo fi ń ṣe háàṣì (hóró oje orí òdòdó igbó tí a fi omi yìnyín gbọ̀n bọ́, tí a sẹ́, tí a sì sá gbẹ) ní Kánádà, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí ká jọ kà á. Ontario ni mò ń gbé o, òfin ibẹ̀ ti fàyè gba igbó láti oṣù kẹwàá 2018, ilé kan lè gbin ìdí mẹ́rin, èèyàn sì lè ṣe háàṣì nílé tí ò bá ti fi kẹ́míkà bíi butane ṣe é. Nílé níbí, òfin ò gbà á rárá, NDLEA ò ní bá yín ṣeré, ẹ má dán an wò.

Àpò yẹn dáa. Rírán ẹ̀ le, ojú asẹ́ ò ya, láti 220 micron (ìwọ̀n fífẹ̀ ihò asẹ́) tó fẹ̀ jù dé 25 tó há jù. Ìwé pélébé inú páálí ẹ̀ ló bí mi nínú. Wọ́n ya tébù síbẹ̀, pé kí ẹ wọn igbó, kí ẹ wọn háàṣì tó jáde, tébù á sọ iye pasẹ́ǹtì THC, èròjà tó ń gun èèyàn, tó wà nínú igbó yín. Irọ́ gbuu ni!

Ẹni tó bá ń ra wàrà ní Ìlọrin mọ̀ pé èyí tí wọn ò fún omi ẹ̀ dáadáa ló ń wúwo lọ́wọ́, ṣé wàrà ló wá pọ̀ níbẹ̀ ni? Háàṣì náà nìyẹn. Èyí tí mo ṣe, ẹ̀yìn ẹ̀ ti gbẹ, ìgbà tí mo bù ú sí méjì, àárín ẹ̀ ṣì tutù rinrin, àwọ̀ ewé sì hàn níbẹ̀ kedere. Omi àti ewé rírún lèmi gbé lé síkéèlì, tébù pè é ní THC. Igbó mìíràn sì wà tó le gan-an àmọ́ hóró oje orí ẹ̀ wẹ́ jù tàbí kì í já bọ́, háàṣì tó máa jáde lára ẹ̀ ò ní tó nǹkan, tébù á ní kò lágbára.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka Chemistry ní Unilorin wá bi mí pé, "Bọ̀dá, tí láàbù bá wọn háàṣì yẹn ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ká ní 100 gíráàmù òdòdó gbígbẹ mú 10 gíráàmù háàṣì jáde, láàbù ní 50 pasẹ́ǹtì ẹ̀ ni THC, gíráàmù 5 nìyẹn, a jẹ́ pé igbó yẹn ò lè dín ní pasẹ́ǹtì 5. Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí èyí tó ṣẹ́ kù sínú ewé tí a dànù, ta ló wọ̀n ọ́n? Tí láàbù bá ní 30 ni, ó di 3, bẹ́ẹ̀ síkéèlì ṣì ń ka 10, ojú kan náà ni tébù á fi wo méjèèjì.

Asẹ́, mo fún un ní 4 nínú 5. Ìwé yẹn, òdo. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó tà á pé kí wọ́n yọ ọ́, torí ẹlòmíì máa fi sínú oúnjẹ, tébù á ní kò le, kò ní tètè gùn ún, á tún bù sí i, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá jọ dé lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́rin, ilé ìwòsàn ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ níbi tí òfin ti gbà á, èyí tí láàbù ti wọ̀n, tí wọ́n kọ mílígíráàmù THC sára páálí ẹ̀, ni kó rà.