Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì, àpò ìrẹsì àti ìkòkò olódòdó: èwo ló yẹ ẹ̀fọ́ orí bákónì ní Àkúrẹ́?

Bí ẹ bá fẹ́ gbin ata rodo, tòmátì tàbí efinrin sórí bákónì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín, bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì lítà 20 tí wọ́n ti lò ni kí ẹ rà. Ìkòkò ike aláràbarà tí àwọn olódòdó ń tò sétí títì dùn ún wò, ṣùgbọ́n owó ẹyọ kan nínú rẹ̀ á ra ju bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ, ata á sì tún ṣe dáadáa nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì jù ú lọ. Ìdí rẹ̀ ò ju pé ẹnu ọ̀pọ̀ ìkòkò yẹn ló fẹ̀, ìsàlẹ̀ wọn sì tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò ata ń wá lọ. Ohun tí a fi dá gbogbo wọn lẹ́jọ́ ni bí wọ́n ṣe jìn tó, bí omi ṣe ń jáde nínú wọn, bí oòrùn ṣe ń mú wọn gbóná àti bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó. Ẹwà ló gbẹ̀yìn.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì ò ṣòro rí. Ibi tí ilé bá ti ń lọ lọ́wọ́, ní Ọ̀bà-Ilé tàbí Ìjàpọ̀, àwọn akunlé ń tà á. Àwọn oníke ọjà náà ń tà á. Ti pẹ́ńtì olómi ni kí ẹ mú, èyí tí ọṣẹ àti omi lásán lè fọ̀ kúrò. Èyí tí wọ́n bá fi gbé gílọ́ọ̀sì, tínà tàbí oògùn apakòkòrò, ẹ má gbé e wálé rárá. Ẹ gbóòórùn inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ìlà funfun wẹ́wẹ́ bá ti ń yọ lára ike náà, oòrùn ti jẹ ẹ́, kò ní pẹ́ tí á fi là. Àwọ̀ funfun rẹ̀ wúlò lọ́pọ̀lọpọ̀, torí ike dúdú máa ń gbóná lọ́sàn-án débi pé gbòǹgbò tó bá kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jóná.

Ihò ni iṣẹ́ tó kù. Ẹ lu mẹ́jọ sí mẹ́wàá sísàlẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ wá lu mẹ́rin sí i sí ẹ̀gbẹ́, sẹ̀ǹtímítà 2 sókè ìsàlẹ̀. Àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, àwọn ló sì ń gba ata là, torí tí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ihò ìsàlẹ̀ ti dí nìyẹn. Irin gbígbóná ni kí ẹ fi lu ú, níta gbangba nítorí èéfín. Bí ẹ bá fi òòlù gbá ìṣó wọ̀ ọ́, ìsàlẹ̀ á sán. Ẹ má sì da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ pé kí omi lè máa jò. Omi kì í fi erùpẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sínú òkúta àfìgbà tí erùpẹ̀ náà bá mu ún yó. Ńṣe ni òkúta ń gbé ibi tí omi ń dúró sí ga sókè, tí àyè tí gbòǹgbò ti lè mí wá ń dín kù. Àjákù àwọ̀n ẹ̀fọn lórí ihò ti tó.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó kún fún erùpẹ̀ tútù lè wọn kìlógíráàmù 25 sí 30. Mẹ́wàá rẹ̀ ti tó ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún sí mẹ́fà nìyẹn. Nítorí náà, ẹ tò wọ́n mọ́ ògiri ilé, pàápàá tí bákónì bá yọ síta láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbé ọ̀kan kan lé orí ìdènà bákónì. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Àpò ìrẹsì kìlógíráàmù 50 ló dínwó jù, ìyẹn nìkan sì ni àǹfààní rẹ̀ tí a rí. Láàárín oṣù díẹ̀ nínú oòrùn, okùn ike tí wọ́n fi hun ún á bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ á máa dà sínú erùpẹ̀ tí ẹ̀fọ́ yín ń jẹ. Omi ẹrẹ̀ á máa jò lára rẹ̀ sórí aṣọ tí aládùúgbò ìsàlẹ̀ sá. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbin ugwu fún sáà kan, kó ki àpò méjì bọ inú ara wọn, kó ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ títí á fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Fún ewúro tó ń lo ọdún púpọ̀, ẹ má dán an wò.

Àpò aṣọ dúdú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dára lóòótọ́. Gbòǹgbò tó bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pàdé afẹ́fẹ́, á dúró, á sì yọ ẹ̀ka tuntun dípò kó máa lọ́ yí ara rẹ̀ ká. Lásìkò òjò, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ó máa bomi rin ín. Ẹni tó ń jáde láàárọ̀ tí kì í dé títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó má rà á.

Ìkòkò amọ̀, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Ìsàn-Èkìtì, máa ń tutù, torí omi ń gba ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ó bá efinrin mu gan-an. Kìkì pé ìkòkò omi ò ní ihò. Ẹ bẹ alámọ̀ kó dá a sí i kó tó sun ún. Táyà ní tirẹ̀ wúwo, kò ní ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, bọ́kẹ́ẹ̀tì ò ṣe ànfààní kankan ju báàfù ìfọṣọ tó ti là lọ. Erùpẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ti tó wọn, fífẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ lu ihò sí báàfù náà, ẹ po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ṣíún mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà ṣù síbì kan, ẹ fọ́n ọn, ẹ fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Á tó fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí ẹ bá gé e dípò kí ẹ fà á tu, tí ẹ sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ pẹ̀lú ojú tí ewé ti ń yọ, á tún rú. Irúgbìn ewédú le lára, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í hù tí ẹ bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, ẹ yọ ọ́ kíá sínú omi tútù, ẹ sá a fún ìgbà díẹ̀ nínú ibòji kí ẹ tó gbìn ín. Bó bá ju ìyẹn lọ, ẹ ti sè é.

Erùpẹ̀ dúdú alápò tí àwọn olódòdó ń tà ni ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ. Òmíràn dára, òmíràn sì jẹ́ amọ̀ tí wọ́n da eérú sí. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ rin ín, ẹ fún un. Tí ẹ bá fi ìka kàn án tó fọ́ká, ẹ rà á. Tó bá ṣù pọ̀ tó ń dán, á le koránkorán nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tó dára náà kì í tó láìpò ó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì erùpẹ̀ méjì, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà kan, èèpo ìrẹsì kan ni òṣùwọ̀n tí a fara mọ́. Tí èèpo ìrẹsì bá ṣòro rí, yanrìn tí kò kúnná, ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, lè dípò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á túbọ̀ wúwo. Ìgbẹ́ adìẹ tó bá ṣì ń ta ènìyàn nímú ò tíì tó lò. Etí ewé á pọ́n bí ẹni pé iná rà á. Ẹ rin ín, ẹ bò ó, ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Lẹ́búlẹ́bú igi tútù láti sọ́míìlì náà ń dá wàhálà sílẹ̀: bó ṣe ń jẹrà ni á máa gba náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, mọ́ ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́, ewé ìsàlẹ̀ á wá máa pọ́n.

Àwa ará Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní ohun tí ọ̀pọ̀ ibi ò ní, ìyẹn eérú èèpo kòkó, èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Ó kún fún pọ́tásíọ̀mù tí ata àti tòmátì ń fẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń so. Ó le gan-an ṣá o. Ṣíbí ìjẹun kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti tó, ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn, ẹ má sì dà á pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ lọ́jọ́ kan náà, torí á lé náítírójìn inú ìgbẹ́ náà sínú afẹ́fẹ́. Bí ewé tuntun bá ń pọ́n tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, eérú ti pọ̀ jù nìyẹn.

Tí ẹ bá ń ra ata rodo tó ti hù, èyí tó kúrú tí igi rẹ̀ nípọn ni kí ẹ mú. Ẹ yí ewé rẹ̀ wò lábẹ́. Bí ewé bá lọ́ tàbí tí kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ bá fò, ẹ fi í sílẹ̀. Igi kan ṣoṣo fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ máa bomi rin ín títí á fi jò nísàlẹ̀, kí ẹ má sì tún rin ín títí ìka tí ẹ kì bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì á fi bá a ní gbígbẹ. Bí tòmátì bá ń ní ojú dúdú nídìí èso, omi tí kò dọ́gba ló máa ń fà á: ó gbẹ pátápátá lónìí, ó rin gbingbin lọ́la. Bí ẹ bá fi àwo sábẹ́, ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Ata ń fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà, ẹ̀fọ́ eléwé lè fara da mẹ́rin.

Àwọn tí bákónì wọn kọjú sí gúúsù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lókè Àkúrẹ́. Ata yín á máa ga láìso lásìkò náà. Ẹ fi gbúre àti ewé míǹtì sí ibẹ̀, ẹ dá ata dúró di ìparí oṣù kẹjọ. Èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló dára jù, torí oòrùn àárọ̀ ń dé ibẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Níbi tí ìdènà bákónì bá jẹ́ ògiri, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé búlọ́ọ̀kù kí òjìji má baà bò ó.

Iná orí ewé, ìyẹn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé mu, àti kòkòrò funfun máa ń pọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi nínú omi lítà 1, tí ẹ fọ́n sábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, á dín wọn kù bí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀. Orí ewé nìkan kò ràn án, abẹ́ ni wọ́n ń gbé.

Nígbà tí ata bá ti ṣíwọ́ èso, ẹ má da erùpẹ̀ rẹ̀ nù. Ẹ tú u jáde, ẹ ṣa gbòǹgbò kúrò, ẹ fi ìgbẹ́ tó jẹrà kún un, ìdá kan sí ìdá mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ má tún gbin ata, tòmátì tàbí ìgbá sí i, torí ìdílé kan náà ni wọ́n, àrùn tó bá ti wà nínú erùpẹ̀ á mú wọn. Tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú ni kí ẹ fi tẹ̀lé e.