Ìwé nípa àwọn mínísítà ní ìsọ̀ ìwé àlòkù kan ní Wuse

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ilé àti ilé-ìwé tí àwọn mínísítà ayé ti jáde wá, kí ó yà sí ìsọ̀ ìwé àlòkù kékeré kan ní Wuse, ní Àbújá níbí. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìtàn Aneurin Bevan, tó kúrò nílé-ìwé ní ọmọ ọdún 13, tó lọ ń wa èédú nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní Wales, tó sì di mínísítà ìlera Bìrìtéènì ní 1945. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìwé nípa ENA wà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀ ní 1945 kan náà, tí ọ̀pọ̀ mínísítà wọn gbà kọjá kí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, INSP, tó rọ́pò rẹ̀ ní 2022. Ìwé nípa mínísítà Nàìjíríà kò tó nǹkan níbẹ̀, ó sì dùn mí, nítorí òfin tiwa, tó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní mínísítà kan ó kéré tán, tó sì ka ìwé-ẹ̀rí girama sí èyí tó tó, yẹ fún ìwé tirẹ̀. Bàbá tó ni ìsọ̀ náà, ọmọ Ìlọrin, kì í kán oníbàárà lójú. Àmọ́ owó ìwé wọ́n, eruku sì pọ̀ lórí pẹpẹ. Ẹ mú ìbòmú dání.