Fífi Yamaha PSR-SX900 ta pedal steel: àyẹ̀wò fún àwọn onídùùrù Àjàṣẹ́

Níbi ìnáwó tí wọ́n bá ti ń kọ jùjú l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní kí onídùùrù bá àwọn fi gìtá Sunny sí i. Gìtá tó ń sọ yẹn, pedal steel ni, èyí tí Demọ́lá Adépọ̀jù ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé. Ojúlówó rẹ̀ kò sí nílẹ̀, kìbọ́ọ̀dù ló wà. Onídùùrù á wá ṣí apá gìtá, á mú ohùn tí wọ́n kọ pedal steel sí lára, á tẹ akọ́ọ̀dù onínọ́tì mẹ́rin, á sì dún bí gìtá tí omi wọ̀. Àwọn èèyàn á ní kìbọ́ọ̀dù náà kò dáa. Irọ́ ni. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ló kù díẹ̀ káàtó, àti bí wọ́n ṣe tò ó.

Ẹ wo bí ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Pedal steel tí wọ́n tò sí E9 (orúkọ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to nọ́tì okùn rẹ̀) ní okùn mẹ́wàá. Okùn kẹfà jẹ́ G#, ìkarùn-ún jẹ́ B, ìkẹrin jẹ́ E. Ọwọ́ òsì gbé irin lé okùn lójú kan, ẹsẹ̀ òsì sì ń tẹ pẹ́dàlì tó ń fa okùn kọ̀ọ̀kan. Pẹ́dàlì A fa B lọ sí C#. Pẹ́dàlì B fa G# lọ sí A. Okùn E kò mira rárá. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ méjèèjì pọ̀, akọ́ọ̀dù E ti di A, irin kò sì kúrò níbi tó wà. Ohun tí etí ń gbọ́ tó fi ń mọ̀ pé steel nìyí ni pé nọ́tì kan ń rìn nígbà tí èkejì dúró. Ohùn tí wọ́n gbà sínú ẹ̀rọ kò lè ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀, bó ti wù kó dára tó.

Ìṣòro kìbọ́ọ̀dù ni pé pitch bend, ìyẹn fífa nọ́tì sókè tàbí sódò, máa ń fa gbogbo nọ́tì tó bá wà lórí channel MIDI (ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń fi nọ́tì ránṣẹ́) kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tẹ G#, B àti E, ẹ fà á, gbogbo rẹ̀ á gòkè pọ̀. Ìyẹn ni ohun tí irin ń ṣe nígbà tó bá ń rìn lórí okùn, kì í ṣe ohun tí pẹ́dàlì ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra kìbọ́ọ̀dù nítorí ohùn yìí kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ béèrè iye ohùn tó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ṣé apá kọ̀ọ̀kan lè ní iye pitch bend tirẹ̀?

Lórí SX900, ó lè ní i. Kìbọ́ọ̀dù eyín 61 tí Yamaha gbé jáde ní 2019 ni, ó sì ní apá mẹ́rin tí ọwọ́ lè tẹ̀: Left, Right 1, Right 2 àti Right 3. Nínú Mixer, lójú ewé Tune, apá kọ̀ọ̀kan ní Pitch Bend Range tirẹ̀. A tún lè pín eyín sí ọ̀nà mẹ́ta: Left nísàlẹ̀, Right 1 láàárín, Right 3 lókè. Ọ̀nà mẹ́ta, okùn mẹ́ta. Ẹni tó ń ta pedal steel náà kì í sábà ta ju okùn mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí àtàǹpàkò àti ìka méjì ló fi ń ta á.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí. Ẹ pa ACMP (akọ́ọ̀dù àtẹ̀lé tí ẹ̀rọ ń ta fúnra rẹ̀), ẹ pa Right 2, ẹ tan Left, Right 1 àti Right 3, kí ẹ sì fi ohùn pedal steel kan náà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú Mixer, ẹ jẹ́ kí Volume, Pan àti Octave wọn bára mu. Left ni ẹ máa ṣọ́ jù, torí ó máa ń fi octave mìíràn bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá gbé ibi ìpín Left sí A2, kí ẹ gbé ìpín Right 3 sí D3. Yamaha máa ń pe C àárín dùùrù ní C3, ìwé pedal steel púpọ̀ sì máa ń pè é ní C4. Tí ìwé bá ní kí ẹ tẹ G#3, B3 àti E4, lójú SX900, G#2, B2 àti E3 ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí á pín eyín rẹ̀ sí octave tí kò tọ́, á sì máa bínú sí ẹ̀rọ. Ibi tí Yamaha fi ìpín Left sí láti ilé iṣẹ́ ni F#2. Ó rẹlẹ̀ ju G# wa lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gbé e sókè.

Lẹ́yìn náà, Pitch Bend Range (semitone ni a fi ń kà á, ìyẹn láti eyín kan sí èyí tó tẹ̀ lé e): Left 1, Right 1 jẹ́ 2, Right 3 jẹ́ 0. Ọwọ́ ọ̀tún tẹ G#, B àti E. Ọwọ́ òsì rọra ti joystick sọ́wọ́ ọ̀tún títí dé òpin. G# lọ sí A, B lọ sí C#, E dúró ṣinṣin. Akọ́ọ̀dù A ti dé, pẹ́dàlì A àti B gan-an nìyẹn. Ẹ fi sínú Registration Memory (ibi tí ẹ̀rọ ti ń rántí bí a ṣe tò ó), bọ́tìnì kìíní, kó má baà sọnù.

Àwọn yòókù rọrùn nísinsìnyí, torí iye mẹ́ta yẹn nìkan ló ń yí. Left 1, Right 1 jẹ́ 2, Right 3 jẹ́ 2 á gbé E lọ sí F# máínọ̀, bíi pẹ́dàlì B àti C. Left 0, Right 1 jẹ́ 2, Right 3 jẹ́ 1 á gbé E lọ sí C# méjọ̀. Pẹ́dàlì A ni, pẹ̀lú ọ̀pá orúnkún tó ń gbé E sókè sí F. Tí Left àti Right 1 bá jẹ́ 0, tí Right 3 sì jẹ́ 1, ọwọ́ òsì ni kí ẹ ti joystick sí: E á sọ̀ kalẹ̀ sí D#, G# máínọ̀ á jáde. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 2, irin ló ń rìn. Registration márùn-ún yìí tó fún ọ̀pọ̀ orin, bóyá jùjú ni tàbí orin ìyìn. Tí olórin bá wà ní kíì mìíràn, ẹ má ṣe kúrò lórí G#, B, E. Bọ́tìnì Transpose ni kí ẹ lò, torí Transpose ń gbé ohùn, kò gbé ibi tí a pín eyín.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ìrù ohùn. Ẹ fa akọ́ọ̀dù, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí eyín, joystick sì padà sáàárín nígbà tí ohùn àkọ́kọ́ ṣì ń kú lọ. Ìrù yẹn á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú joystick, á sì hu burúkú lórí akọ́ọ̀dù tuntun. Ẹ wọ Voice Set, ẹ dín Release kù. Ẹ sì yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí sustain. Pedal steel kò ní sustain bíi ti píánò, ohun tó yẹ ni kí ìka dúró lórí eyín títí joystick á fi dúró. Ìkejì ni chorus. Chorus ń gbọn ohùn sókè sódò díẹ̀díẹ̀, ìfàsókè wa á sì sọnù sínú rẹ̀. Ẹ gbé Chorus wá sí 0, ẹ fi reverb sí i, kí ẹ fi delay díẹ̀ tẹ̀lé e. Ìkẹta: àwọn ohùn S.Art! (Super Articulation) kan ń mú ariwo ìyọ́ ìka jáde fúnra wọn bí ẹ bá tẹ nọ́tì so mọ́ra. Fún iṣẹ́ yìí, ohùn tí kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló dára jù.

Ẹni tó ń fi fáìlì MIDI ránṣẹ́ síra wọn, ẹ ṣọ́ra. Ohùn 26 nínú General MIDI ní "steel" lórúkọ, ṣùgbọ́n gìtá onígi tó ní okùn irin ni. Nínú GM2, abẹ́ ohùn 27 ni pedal steel wà, pẹ̀lú Bank LSB 1.

Ọwọ́ ńkọ́? Ẹ tẹ nọ́tì, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó fà á. Àwọn tó ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá gbọ́ á rò pé wọ́n ṣi nọ́tì tẹ̀ ni. Ìdàkejì rẹ̀ náà dùn: ẹ ti joystick lọ sí òpin kí ẹ tó tẹ nọ́tì, kí ẹ wá rọra dá a padà, A á padà sí E. Ẹ má ṣe tẹ nọ́tì tó rẹlẹ̀ ju B1 ojú Yamaha lọ, torí ibẹ̀ ni okùn kẹwàá pedal steel parí sí. Fún ìgbọ̀nrìrì, ẹ má fi joystick ṣe é nígbà tí ẹ bá ń fà, torí títi sọ́tùn-ún àti títi sókè pọ̀ kì í dọ́gba. Vibrato wà nínú Voice Set: ẹ fún un ní Depth kékeré, kí ẹ sì gbé Delay rẹ̀ sókè kó máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí nọ́tì bá ti dúró.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ni ìdajì iṣẹ́ yìí. Oní-pedal-steel máa ń fi pẹ́dàlì volume sí agbedeméjì nígbà tó bá ta okùn, á wá máa ṣí i bí ohùn ti ń kú lọ, ìdí nìyẹn tí nọ́tì rẹ̀ fi ń gùn. FC7 ti Yamaha ṣe é dáadáa. Ẹ má kàn ra pẹ́dàlì volume èyí tẹ́ ẹ bá rí lọ́jà: Roland àti Yamaha kì í so wáyà inú pẹ́dàlì bákan náà, èyí tí kò bá mu á kàn fò láti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí ariwo láìsí àárín.

SX900 tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ onídùùrù kò ṣí rí: Glide, lára iṣẹ́ tí a lè fún pẹ́dàlì ẹsẹ̀. Ẹ yan apá tó máa gbé, ẹ yan Up, Range 2, kí ẹ wá tún On Speed àti Off Speed ṣe. Ẹ fi FC5, pẹ́dàlì kékeré Yamaha, sí i. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, apá yẹn nìkan á gòkè. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, á padà. Ọwọ́ méjèèjì ṣófo nìyẹn. Ó dùn fún nọ́tì méjì, Right 1 tó ń rìn àti Right 3 tó dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé Range kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo apá tí ẹ bá yàn, nítorí náà G# àti B kò lè fi ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rìn. FC5 sì jẹ́ tan-án-pa-á. Ẹ kò lè dá ìfàsókè dúró lágbedeméjì kí ẹ ronú. Joystick lọ́lá jù ú lọ fún ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò níṣẹ́ mìíràn. Ẹ má tẹ FC5 mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ, torí á ka pẹ́dàlì náà sódì: á máa gòkè nígbà tí ẹsẹ̀ kúrò.

Etí tó mú á tún gbọ́ pé G# dùùrù ga díẹ̀ nínú akọ́ọ̀dù E. Oní-pedal-steel máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí nọ́tì kẹta tó mọ́ fi bíi cent 14 rẹlẹ̀ ju ti dùùrù lọ (cent 100 ló wà nínú semitone kan). Scale Tune lè rẹ G# sílẹ̀, àmọ́ ẹ má rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fà á, A tó máa jáde á rẹlẹ̀ níye kan náà, A sì ni ìdí akọ́ọ̀dù kejì. Cent 5 tó.

Ní ti rírà. Èyí tó bá gba ẹnubodè Ìgòlò wọlé láti Nàìjíríà máa ń ní plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Benin. Ẹ ra ohun tó ń yí i padà, ojúlówó, torí èyí tó bá ń jó á máa pa ẹ̀rọ láàárín orin. Adáptọ̀ rẹ̀ ni PA-300C, volt 16, ampere 2.4. Adáptọ̀ volt 16 tí ampere rẹ̀ kéré á tan ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ó lè máa kú nígbà tí ìlù bá wúwo. Tó bá jẹ́ àlòkù, joystick ni kí ẹ yẹ̀ wò ṣáájú ohun gbogbo: ẹ tẹ nọ́tì kan, ẹ ti joystick dé òpin, ẹ fi sílẹ̀ lójijì, kí ẹ fi tuner orí fóònù wò ó. Tí kò bá padà sí ojú nọ́tì náà gan-an, a ti lò ó gbó, gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ kò ní ṣeé ṣe lórí rẹ̀.

Ibi tí SX900 ti kùnà ni pé ihò pẹ́dàlì méjì péré ló ní. FC7 gba ọ̀kan, Glide tàbí sustain gba èkejì, kò sí ibi tí pẹ́dàlì A àti B á ti wà lọ́tọ̀ bíi ti ojúlówó. Ìfàsókè méjì tó bẹ̀rẹ̀ ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí nọ́tì B ṣáájú, tí G# tẹ̀lé e, kò ṣeé ṣe pẹ̀lú joystick kan. MPE (MIDI Polyphonic Expression), irú MIDI kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018, fún nọ́tì kọ̀ọ̀kan ní channel tirẹ̀, ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà àti irú kìbọ́ọ̀dù mìíràn. Fún orí pèpéle l'Ájàṣẹ́, níbi tí iná lè lọ nígbàkígbà, ẹ̀rọ kan tó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó sì rántí registration márùn-ún ni ká mú. Tówó bá wà fún nǹkan kan ṣoṣo sí i, FC7 ni kí ẹ fi rà.