Mo lọ kọ́ ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì aléèpo ọsàn ní Kàbà: àgbéyẹ̀wò mi

Ọmọ kan tó jókòó sí apá òsì mi ló fi eyín di èso ojú ológbò mú, torí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára okùn tó fẹ́ fi sín in. Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Àwọn mìíràn ń pè é ní wẹ́rẹ́njẹ́jẹ́: èso pupa kékeré tó ń dán, tí ojú rẹ̀ kan dúdú, tí ẹ máa ń rí lára ìtàkùn ẹ̀bá igbó nígbà tí èèpo rẹ̀ bá gbẹ tó sì là. Ó rẹwà púpọ̀. Májèlé ni. Bí ọmọ bá gbé e mì lódindi, èèpo rẹ̀ líle lè jẹ́ kó gba inú kọjá láìṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí eyín bá fọ́ ọ, tàbí tí abẹ́rẹ́ ti lù ú, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti rọ́nà jáde. Èébì ni, ìgbẹ́ gbuuru tó lẹ́jẹ̀ nínú ni, kò sì sí oògùn kan pàtó tó ń ṣẹ́ agbára rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Gbogbo èso tó wà lórí tábìlì wa lọ́jọ́ náà ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lù.

Mo pariwo. Mo ní kí gbogbo ọmọ tutọ́ síta, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ nu ojú. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ má dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Ṣebí àwọn ìyá wa ń sín in sọ́rùn. Àwọn òyìnbó gan-an ń fi ṣe rósárì."

Òótọ́ ni méjèèjì, mo sì sọ fún un pé òótọ́ ni. Mo ní àgbàlagbà tó so ó mọ́rùn kì í fi sẹ́nu, pé ọmọ kékeré ló wà níwájú wa yìí. Ó ní òun ti ń lò ó tipẹ́, kò sí ìyá ọmọ kankan tó pe òun rí pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí fóònù rẹ̀ fi dún, ló bá jáde lọ dá a lóhùn. Ó fi èmi àti àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú àwo májèlé lórí tábìlì! Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní, "Mà, kí ni kí n ṣe?" Mo ní kó gbé omi àti ọṣẹ wá, ó gbé e wá. Ó tú gbogbo okùn tí wọ́n ti sín, ó ń ka èso bó ṣe ń dà wọ́n sínú agolo mílíìkì tó ní ìdérí. Ó ti kọ iye tó pín fún tábìlì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó wá fi wé e. Ó ku ẹyọ kan. Ó kúnlẹ̀, ó wá a lábẹ́ àga, ó wá a láàárín háhá àgbàdo tó kún ilẹ̀, títí ó fi rí i nínú bàtà ọmọ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló nu tábìlì, tó tún fọ àwọn abẹ́rẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Èso tó wà lẹ́nu ọmọ tó jókòó tì mí jáde lódindi. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé àìsàn náà lè má bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó lè di ọjọ́ kejì pàápàá, pé bó bá rí èébì kó má dúró se àgbo, kó gbé e lọ sí ọsibítù. Ara ọmọ le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ dára gan-an. Obìnrin yìí mọ ọsàn. Kò tàn wá lórí àwọ̀, èyí tí mo bẹ̀rù jù. Àwọn ọsàn gbígbẹ tí à ń rí lórí fóònù máa ń pọ́n ròrò, tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀, nítorí òtútù òru ló ń lé àwọ̀ ewé kúrò lára èèpo ọsàn. Ní ilẹ̀ tó móoru bíi tiwa, ọsàn lè dùn kó kún fómi kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Tó bá wá gbẹ, àwọ̀ igi ló máa ń dà. Ó sọ èyí fún wa kí a tó mú ọ̀bẹ, ó ní ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kó wá tanjaríìnì, tàbí kó ṣa àwọn ọsàn tí ọyẹ́ ti fẹ́ sí lórí igi.

Èèpo tútù ni wọ́n ń gé ní ìràwọ̀, torí èyí tó ti gbẹ yóò fọ́. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń lu ihò okùn. Wọ́n á wá tẹ́ ẹ sábẹ́ pákó kó má baà ká kò, wọ́n á gbé e sí ìbòòji tí atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́. Oòrùn líle máa ń ṣá a. Ọsàn tí a gé róbótó ní tirẹ̀ ń fẹ́ iná: kó má nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, kó wọ inú ófùn tí kò gbóná ju 100 °C lọ, fún wákàtí bíi mẹ́rin sókè, kí a máa yí i. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, yóò bu nínú àpò kí ọdún tó dé. Ó mú ọ̀kan tó ti bu wá, tí irun funfun ti hù lára rẹ̀, ó ní kí gbogbo wa gbóòórùn rẹ̀. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ ènìyàn níṣẹ́ nìyẹn.

Ó kó wa jáde lọ ṣa èso pánṣẹ́kẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn tó ti bọ́ sílẹ̀, kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ tó jó wọn. Ó ní kí a má ya ẹ̀ka tútù. Òwú náà wà níbẹ̀, tòun ti èèpo rẹ̀. Inú mi dùn láti rí òwú lórí tábìlì ọ̀ṣọ́ ní ilẹ̀ Okun tí Kàbà wà yìí, níbi tí àwọn obìnrin Bùnú ti máa ń hun aṣọ òwú láyé àtijọ́.

₦6,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àgbà kan, kò sì wọ́n lójú mi. Ṣùgbọ́n a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún kànáfùrù sára tanjaríìnì kí wọ́n tó sọ pé ₦1,000 ni owó kànáfùrù lọ́tọ̀. Ìyẹn ò dára.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, olùkọ́ pè mí. Mo rò pé ìjà ló fẹ́ bá mi jà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti bi dókítà kan ní Lọ́kọ́jà. Ohun tí ẹ sọ náà ló sọ. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ dànù."

Ó wá bi mí pé kí ni òun lè fi rọ́pò rẹ̀. Mo ní kóró àgbàlùmọ̀: ó ń dán, ó tóbi débi tí ọmọ kò ní tètè gbé e mì, ìgbà Kérésìmesì gan-an ló sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má lọ ki ọwọ́ bọ èso làrà nítorí ọnà ara rẹ̀, májèlé inú rẹ̀ àti ti ojú ológbò, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ó ní kí n dúró, kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. A sọ̀rọ̀ pẹ́. Kí a tó parí, ó ti ń ṣàlàyé fún mi bí òun yóò ṣe lu kóró náà tí kò fi ní là, ìbínú mi sì ti rọ̀ púpọ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ sí orí WhatsApp tí gbogbo wa wà, kó sì pe àwọn tó ti ra okùn ojú ológbò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò ṣe é. Láti ìgbà náà, mo ti rí àwòrán ọ̀ṣọ́ níbẹ̀, mo ti rí ìkíni ọdún, mo ti rí ìpolówó ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan lórí èso náà. Èmi ni mo ń pe àwọn ìyá ọmọ tí mo ní nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí dùn mí ju ẹ̀rín tó rín lórí tábìlì lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè kò jọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọsàn tí mo gbẹ kò bu, ìràwọ̀ tí ọmọ ọmọ mi fi èèpo ṣe kò ká kò, mo sì fẹ́ kí ọmọbìnrin olùrànlọ́wọ́ yẹn máa ríṣẹ́ ṣe. Bí ẹ bá ń lọ pẹ̀lú ọmọ, ẹ béèrè orúkọ gbogbo èso tó wà nínú àwo kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ mú ọ̀bẹ láti ilé, tiwọn ò mú.