Ilé Ìwòran Básíkẹ́tì kan ní Àkúrẹ́, àti Àwọn tí Wọ́n Fi Àmì-ẹ̀yẹ Dù

Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ní Àkúrẹ́ ló máa ń ti ilẹ̀kùn ní kété tí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá bá ti parí, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Alágbàkà, tó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn yòókù bá ń kó àga wọlé ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to tirẹ̀. Básíkẹ́tì NBA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wò níbẹ̀, bí aago méje ààbọ̀ alẹ́ bá sì lù ní New York, ọ̀gànjọ́ òru ti kọjá lọ́dọ̀ tiwa. Ọdún kẹta mi rèé tí mo ti ń lọ síbẹ̀. ₦500 ni wọ́n ń gbà lóru kan, gbọ̀ngàn náà kò ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lọ, tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni bí ilé náà ṣe máa ń rí láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, nígbà tí sáà bá parí tí NBA sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ, nítorí pé n kò tíì rí ibòmíràn ní ìlú yìí tí wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù sí ohun tó yẹ kí àgbà àti ọmọdé jókòó yẹ̀ wò fínnífínní.

Onílé náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ní àṣà kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí sáà bá parí, wọn á fa ewé ìwé kíkọ ya, wọn á sì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan pẹ̀lú báírò. Òfin tí àwọn oníròyìn 100 tó ń dìbò fún NBA ń tẹ̀ lé ni àwa náà ń tẹ̀ lé: fún MVP, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tó wúlò jù lọ lọ́dún, èèyàn á kọ orúkọ márùn-ún, ẹni àkọ́kọ́ á gba pọ́ìntì 10, ẹnì kejì 7, ẹnì kẹta 5, ẹnì kẹrin 3, ẹnì karùn-ún 1, fún adẹ̀yìnmú tó dáńtọ́ jù lọ, ìyẹn ẹni tó mọ bí a ṣe ń dí alátakò lọ́wọ́ jù, orúkọ mẹ́ta péré ni, pẹ̀lú pọ́ìntì 5, 3 àti 1. Inú garawa ọ̀dà òfìfo kan ni a ń ju ìwé náà sí. Ẹ̀gbọ́n á da garawa sórí tábìlì, wọn á máa ka orúkọ jáde, ọmọdékùnrin kan á sì máa fi báírò pupa fa ìlà sára páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tí NBA bá gbé èsì tirẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ṣí ìwé ìdìbò oníròyìn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún aráyé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, Ẹ̀gbọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ oníròyìn tó gbójú fo agbábọ́ọ̀lù òun dá yóò rí orúkọ rẹ̀ kà lára ògiri náà. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan tó owó ìwọlé.

Ọ̀dọ̀ Hakeem Ọlájùwọ́n ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ máa ń wá síbẹ̀, iwájú ni a máa ń fi wọ́n sí nítorí ojú wọn, àwọn ló sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1995 fún àwa tí a kò tíì gbọ́n nígbà náà. Èkó ni wọ́n ti bí Ọlájùwọ́n. Ní 1994, ó gba MVP, ó gba ti adẹ̀yìnmú, ó tún gba ti ẹni tó ta yọ jù lọ nínú ìdíje àṣekágbá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ nínú sáà kan ṣoṣo. Nígbà tó di ọdún kejì, David Robinson ti San Antonio ni wọ́n fún ní MVP. Wọ́n gbé ife náà lé e lọ́wọ́ níṣojú Ọlájùwọ́n, kí eré kejì láàárín San Antonio àti Houston, ẹgbẹ́ Ọlájùwọ́n, tó bẹ̀rẹ̀ nínú pléọ́ọ̀fù, ìyẹn ìdíje tó máa ń tẹ̀ lé sáà, Ọlájùwọ́n sì ju pọ́ìntì 41 sínú apẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nínú eré mẹ́fà tí wọ́n gbá, 35.3 ni ìpíndọ́gba tirẹ̀. Houston borí, wọ́n sì gba ife ọdún náà. Bí Bàbá bá dé ibi tí Ọlájùwọ́n ti ju èjìká sí ọ̀tún, tí Robinson tẹ̀ lé e, tí ó sì ti yí sí òsì kí ẹsẹ̀ Robinson tó padà balẹ̀, wọn á dìde lórí àga, wọn á fi ara ṣe é, ọwọ́ kan á sì wà lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, síbẹ̀ ibi tí mo rò pé ìrẹ́jẹ wà gan-an yàtọ̀ sí tiwọn. San Antonio borí nínú eré 62 ní sáà náà, Houston borí nínú 47, ìdìbò kò sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú pléọ́ọ̀fù rárá. Ẹni tó dìbò fún Robinson kò ṣe ojúsàájú. Ohun tí n kò lè gbà ni pé nígbà tí wọ́n ń to àwọn 15 tó dára jù lọ lọ́dún náà sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, ẹgbẹ́ kẹta ni wọ́n fi Ọlájùwọ́n sí. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún agbábọ́ọ̀lù àárín nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: Robinson mú ti àkọ́kọ́, Shaquille O'Neal mú ti èkejì, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gbogbo àmì-ẹ̀yẹ lọ́dún tó ṣáájú sì di ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Nígbà tí mo sọ èyí, Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣe lo tún fi kún ẹ̀dùn mi." Láti 2022 ni wọ́n ti ń fi orúkọ Ọlájùwọ́n pe ife tí wọ́n ń fún adẹ̀yìnmú ọdún, Ẹ̀gbọ́n sì kọ èyí gàdàgbà sórí ògiri, lókè orúkọ gbogbo àwọn tó ti gbà á láti ìgbà náà.

Òfin àyè kan náà yìí ló tún dí Joel Embiid lọ́wọ́ ní 2021 àti 2022, nígbà tó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò MVP lẹ́ẹ̀mejì léraléra, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ kejì lẹ́ẹ̀mejèèjì nítorí pé agbábọ́ọ̀lù àárín ni Nikola Jokić tó ṣe ipò kìíní náà. Sáà 2023-24 ni wọ́n tó fagi lé òfin àyè fún ẹgbẹ́ mẹ́ta wọ̀nyí. Sáà yẹn kan náà ni wọ́n mú òmíràn wọlé, pé ẹni tí kò bá tíì gbá tó eré 65 kò lè gba àwọn àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù. Torí àwọn tí ara wọn le tí wọ́n kàn ń sinmi ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ní 2025, ẹ̀jẹ̀ dì ní èjìká Victor Wembanyama lẹ́yìn tó ti gbá eré 46, ó ń dí bọ́ọ̀lù 3.8 lọ́wọ́ alátakò nínú eré kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó tó o lórí ìyẹn. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìdìbò rárá. Àìsàn kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, òfin tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì kò tíì pé. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀: nígbà tí wọn kò mú Jayson Tatum sínú ẹgbẹ́ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 2021, ohun tó pàdánù lórí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là, nítorí pé ìdìbò àwọn oníròyìn ni àdéhùn náà so mọ́.

Lórí Bam Adébáyọ̀ ti Miami ni ilé ìwòran yìí ti fi ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe hàn mí jù. Láti 2020 títí di 2023, ọdún mẹ́rin gbáko, ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń fi í sí láàárín àwọn adẹ̀yìnmú. 2024 ló tó wọ ẹgbẹ́ kìíní, nígbà tí sáà 2024-25 sì parí, wọn kò tíì fún un ní ife Ọlájùwọ́n rí. Lóru ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan pariwo pé nítorí pé orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ní kó jókòó. Wọ́n wá eré Miami kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, wọ́n yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má wo bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ Adébáyọ̀ nìkan ni kí a máa wò fún ìṣẹ́jú 12. Mo rí ohun tí n kò rí rí. Alátakò kúkúrú kan tó yára bí ológbò gbé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Adébáyọ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e sápá ọ̀tún àti òsì, títí ọmọ náà fi yí padà tó sì da bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún ẹlòmíràn. Kí bọ́ọ̀lù náà tó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n dà á sí, Adébáyọ̀ ti wà nídìí apẹ̀rẹ̀, àyà rẹ̀ ti kan àyà alátakò tó wúwo jù ú lọ. Kò sí ohun tí akọ̀wé eré lè kọ sílẹ̀ nínú gbogbo èyí. Bọ́ọ̀lù tí èèyàn bá gbá dànù lókè ní iye, bọ́ọ̀lù tí alátakò bẹ̀rù láti jù kò ní iye kankan, àwọn tó sì ń ka iye láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló pọ̀ nínú àwọn tó ń dìbò. Ẹ̀gbọ́n kò sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí pamọ́: wọ́n rán wa létí pé eré 56 péré ni Adébáyọ̀ gbá ní sáà 2021-22, nítorí àtàǹpàkò tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà máa ń wáyé. Ní 1962, Wilt Chamberlain ní ìpíndọ́gba pọ́ìntì 50.4, Bill Russell ni wọ́n fún ní MVP, àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ló sì ń dìbò nígbà náà. Ní 2006, Kobe Bryant ju 81 nínú eré kan, 35.4 sì ni ìpíndọ́gba rẹ̀, síbẹ̀ ipò kẹrin ló bọ́ sí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Kobe yìí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń jáde lọ ra tíì bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àléébù ilé náà wà, ó sì bà mí nínú jẹ́ nítorí pé ó kan ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Lakers àti Warriors ni wọ́n ń fi hàn wá lọ́pọ̀ òru. Nígbà tí a tú garawa ní 2025, Draymond Green ti Warriors ni ilé wa mú fún adẹ̀yìnmú ọdún. Orúkọ Evan Mobley ti Cleveland, tó gba ife náà ní tòótọ́, wà lórí ìwé méjì péré. Ti Dyson Daniels ti Atlanta, tó ja bọ́ọ̀lù gbà ju ẹnikẹ́ni lọ ní sáà náà, tó sì ṣe ipò kejì lọ́dọ̀ àwọn oníròyìn, kò sí lórí ìwé ẹnì kankan. Èmi náà kò kọ ọ́. A ti fi gbogbo ọdún bú àwọn oníròyìn New York àti Boston pé wọ́n ti máa ń sùn kí eré ìwọ̀ oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ àwa tí a kò sùn kò wo eré Atlanta kan ṣoṣo. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ojú tì mí bí mo ṣe ń wo páálí náà.

Mo bá Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. Wọ́n ní lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí àwọn bá fi eré Cleveland hàn, àga á ṣófo, owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sì ní wọlé. N kò lè jiyàn ìyẹn, nítorí mo mọ iye tí à ń ra epo. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé tẹlifíṣọ̀n kejì yóò di ti àwọn ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè, ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó múra sílẹ̀ fún ẹ̀fọn, kó sì jókòó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀. Ilé ìyàgbẹ́ wọn kò dára, mo sì ti sọ fún wọn. Oúnjẹ wọn dára: ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà títí di aago méjì òru, mẹ́ṣáì sì wà níwájú ilé tó ń din ẹyin sí búrẹ́dì. Fún àkókò àmì-ẹ̀yẹ, kí èèyàn tètè dé, nítorí àga kì í tó.

Ní òru Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tí a lò ó, àwa mẹ́fà la wá, Bàbá olùkọ́ sì wà níbẹ̀. Eré Atlanta la wò. Daniels na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sáàárín pàsì kan, ó já a gbà, ó sì ti sáré kọjá ìlà àárín kí ẹni tó gbá a tó mọ̀. Bàbá béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo pè é fún wọn, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ká ìwé náà sí méjì, wọ́n sì kì í bọ àpò bùbá wọn.