Wọ́n ta akọ arowana fún mi, wọ́n pè é ní abo

Ẹja tí wọ́n kọ "ABO" sára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ló gbé ọmọ kún ẹnu. Ẹni tó bá sin ẹja arowana mọ ohun tí mò ń sọ: bàbá ló ń fẹnu gbé ọmọ nínú wọn, ìyá á yé ẹyin tán, ó di bàbá lọ́wọ́.

Arowana fàdákà méjì tó ti dàgbà ni mo rà. Mo fowó kún owó wọn nítorí ilé ìtajà náà ní àwọn á bá mi ṣa akọ kan, abo kan. Ẹja fúnra wọn ò lábùkù. Ìpẹ́ ń dán, irùngbọ̀n méjèèjì pé, ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n nípọn, wọn ò sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn dé.

Ìgbà tó yá, èyí tí wọ́n pè ní abo kọ oúnjẹ. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, ẹnu rẹ̀ ò pa dé dáadáa. Mo pe ilé ìtajà náà. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, àjẹjù ni." Mo ní báwo ló ṣe mọ̀ pé abo ni. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti èkejì lọ, ó sì níwà pẹ̀lẹ́. Àwọ̀ àti ìwà! Ohun tí mo sanwó fún nìyẹn! Ó tún ní kí n gbé e jáde, kí n la ẹnu rẹ̀ wò. Inú bí mi débi pé mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Akọ tó gbé ọmọ sẹ́nu, tí wọ́n bá dà á láàmú, ó lè tu gbogbo ọmọ náà dànù tàbí kó gbé wọn mì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà náà pè mí. Ó ní kí n ya fọ́tò àwọn méjèèjì láti iwájú àti ẹ̀gbẹ́. "Ẹ wo párì rẹ̀ bó ṣe jìn, ẹ wo orí rẹ̀ bó ṣe fẹ̀. Akọ ni. Ẹ jẹ́ kó tọ́jú ọmọ rẹ̀." Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé akọ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju abo lọ, pé abo máa ń sanra níkùn bí ẹyin bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, pé kí ẹja tó tó nǹkan bí ọdún 3 sí 4, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán yà wọ́n. Ó ní bó ti wù kó dàgbà tó, ojú ṣì lè tanni. Ó ní kí n kó èkejì kúrò nínú adágún, kí n má fi oúnjẹ yọ bàbá ọmọ lẹ́nu, torí ó lè gbé wọn tó oṣù méjì.

Mo ṣe bó ti wí. Mo sì rí wọn! Ọmọ wẹẹrẹ tú jáde lẹ́nu bàbá wọn, àpò pupa rúsúrúsú tó ń bọ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán lábẹ́ ikùn wọn. Òjìji mi bọ́ sórí omi, bàbá wọn la ẹnu, gbogbo wọn wọ́ padà síbẹ̀. N ò rí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń sin ẹja.

Ilé ìtajà náà ò tọrọ àforíjì, wọn ò dá owó ṣíṣà padà, wọ́n ṣì ń fi àwọ̀ ya akọ àti abo fún oníbàárà. Bí ẹ bá fẹ́ rajà níbẹ̀, bàbá yẹn ni kí ẹ béèrè.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5.